Ọwọ́ tí kò ní ojú: bí ènsáìmù ṣe ń dá lẹ́tà tó bàjẹ́ mọ̀ lára DNA

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọdún kẹta ni mo wà nídìí ẹ̀kọ́ báyókẹ́mísírì níbí ní Abẹ́òkúta. Wọ́n kọ́ wa pé bí ọ́síjìn bá ba lẹ́tà kan jẹ́ lára DNA, ènsáìmù kan á dá a mọ̀, á sì yọ ọ́ kúrò. Mo béèrè pé báwo ló ṣe ń dá a mọ̀ nígbà tí kò lójú, tí kò sì ní ọpọlọ. Kíláàsì rẹ́rìn-ín, a bá kọjá lọ. Mo sọ ọ́ fún màmá mi tó ń ta adìrẹ ní Ìtòkú, àwọn náà bi mí pé, 'Báwo ló ṣe wá mọ̀ ọ́n?' Mi ò rí èsì fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi là á yé wa."

Àbúrò mi, kò sí ohun ẹ̀rín nínú ìbéèrè rẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi wá èsì rẹ̀, ọdún 2000 ló sì tó hàn sí gbangba. Ọ̀rọ̀ náà "dá mọ̀" ló ń ṣì wá lọ́nà, torí ojú ló ń mú wa rò. Ènsáìmù, ìyẹn prótéìnì tó ń ṣe iṣẹ́ kẹ́míkà nínú sẹ́ẹ̀lì, kò rí nǹkan kan. Ọwọ́ ló fi ń mọ nǹkan. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ màmá rẹ.

Bí wọ́n bá gbé adìrẹ ẹlẹ́kọ wá bá wọn, mo mọ̀ pé wọn ò ní fi àwọ̀ nìkan ṣèdájọ́. Wọ́n á fi àtàǹpàkò ra etí aṣọ náà. Wọ́n á yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá aró wọ inú òwú lóòótọ́ tàbí ẹ̀rọ ló kàn tẹ̀ ẹ́ sójú aṣọ. Aṣọ méjèèjì lè jọra bí ìbejì lójú ẹni tó wá rajà. Ibi tí ojú kò dé ni ìyàtọ̀ wà. Fífi ọwọ́ ra á, yíyí ẹ̀yìn rẹ̀ síta: ohun méjèèjì yìí ni ènsáìmù tí à ń sọ ń ṣe, èyí kejì kì í tilẹ̀ ṣe àfiwé rárá.

Ká kọ́kọ́ mọ irú ìbàjẹ́ tó jẹ́. Bí o bá gun Olúmọ tí o wo ìsàlẹ̀, wàá rí àwọn òrùlé páánù tó ti dógùn-ún. Ọ́síjìn ló gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ irin. Irú ìgbàgbà bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì wa ní gbogbo ìgbà tí a bá ń mí. Bí oúnjẹ ṣe ń jó pẹ̀lú ọ́síjìn nínú maitokọ́ńdíríà, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù díẹ̀ máa ń jò kúrò lójú ọ̀nà. Ó di superoxide, superoxide di hydrogen peroxide, ìyẹn bá sì pàdé irin tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, a bí hydroxyl radical, tí kì í rìn jìnnà torí ohun tó bá kọ́kọ́ kàn ló máa ń bù jẹ. Nínú lẹ́tà mẹ́rin DNA, ìyẹn A, T, G àti C, G ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ rọrùn gbà jù. Òun ló máa ń jìyà jù.

G tó bàjẹ́ lọ́nà yìí ni wọ́n ń pè ní 8-oxoguanine. Hiroshi Kasai àti Susumu Nishimura ní Jàpáánù ló kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní 1984. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí G gidi kò ju méjì lọ. Lórí kábọ́ọ̀nù kẹjọ, ọ́síjìn ti gba ipò háídrójìn. Lórí náítrójìn keje, tí kò ní háídrójìn kankan tẹ́lẹ̀, háídrójìn kan ti wá gúnlẹ̀. Jọ̀ọ́, má gbàgbé náítrójìn keje yẹn. Orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Kí ló burú nínú átọ́ọ̀mù méjì péré? Ìwọ tó ń ka Yorùbá mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Yọ àmì ohùn kúrò lórí ọ̀rọ̀, kí o wá kọ "igba" kalẹ̀. Ẹnì kan á kà á sí igbá, ẹlòmíràn á kà á sí igba, ẹlòmíràn á ní ìgbà ni. Lẹ́tà kò yí padà, ìtumọ̀ ti lọ. 8-oxoguanine náà ní ohùn méjì. Nígbà tó bá dúró bí G ṣe ń dúró, C ló máa ń bá so pọ̀, bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn tuntun orí kábọ́ọ̀nù kẹjọ ń ta ko ṣúgà àti fọ́sífétì tó wà nítòsí rẹ̀, ibẹ̀ kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, torí náà ó máa ń wá ọ̀nà láti yí po lórí ìdí rẹ̀. Bó bá yí po lásìkò tí sẹ́ẹ̀lì ń da DNA rẹ̀ kọ, ojú tó kọ sí ẹni tó ń dà á kọ á jọ ojú T. A ni wọ́n á fi sí iwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá tún da ìyẹn kọ, A á pe T. Ibi tí G ti jókòó á di ti T, àṣìṣe náà á sì di àjogúnbá fún gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó bá ti ibẹ̀ jáde.

Bẹ́ẹ̀, ní gbogbo àkókò tó fi jókòó síwájú C, kò sí ohun tó ń ta sójú. DNA kì í tẹ̀, kì í wú. Okùn náà tó nǹkan bí mítà 2 nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, àwọn G tó wà lára rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 2, ọ̀kan nínú wọn sì ti dógùn-ún láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó há sínú àkàbà DNA.

Ẹni tó ń wá a kiri nínú ara èèyàn ni OGG1, prótéìnì kékeré tí ámínò ásíìdì rẹ̀ jẹ́ 345. Kò gba epo kankan láti fi rìn. Mòlékù omi tó ń gbún un lọ́tùn-ún lósì ló ń tì í síwá sẹ́yìn lórí DNA, bí èrò ṣe ń ti èèyàn ní Láfẹ́nwá lọ́jọ́ ọjà. Ní 2006, àwọn kan na DNA gbọọrọ, wọ́n fi àwọ̀ tó ń tàn sára OGG1, wọ́n sì ń wo ẹyọ kan ṣoṣo bó ṣe ń yọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n rí i pé eré rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí òfin físíìsì gbà kí irú ohun bẹ́ẹ̀ sáré dé. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó ń dì í mú. Ó ń kọjá lórí G tó dára láìjókòó tì í pẹ́.

Ṣùgbọ́n OGG1 kò lè yẹ lẹ́tà wò dáadáa níbi tó há sí nínú àkàbà. Ó ní láti ṣí i síta. Ó ń tẹ DNA bí ẹni tẹ ẹ̀ka igi, ó ń ki tyrosine 203 (ọ̀kan nínú àwọn ámínò ásíìdì rẹ̀; nọ́ńbà náà ni ipò rẹ̀ lára okùn prótéìnì) bọ àárín bí èèkàn, lẹ́tà tó bá ń yẹ̀ wò á sì yí jáde pátápátá kúrò nínú àkàbà. Asparagine 149 á wọ àyè tó ṣófo kí ó má bàa wó. Ìgbà tí mo sọ pé màmá rẹ ń yí ẹ̀yìn aṣọ síta, ohun tí mo ń sọ gan-an nìyí. Lẹ́tà tó wà nínú wá síta, a lè fọwọ́ kàn án báyìí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àpò. Nínú OGG1, ihò tóóró kan wà tí lẹ́tà náà ní láti wọ̀ kí wọ́n tó lè gé e. Phenylalanine 319 há a mọ́ lápá kan, cysteine 253 há a mọ́ lápá kejì. Gregory Verdine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard ló fi àwòrán X-ray rẹ̀ hàn ní ọdún 2000. Èmi náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ ka iṣẹ́ yẹn, ọ́síjìn orí kábọ́ọ̀nù kẹjọ ni ojú mi ń wá. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé òun ni OGG1 máa dì mú, ṣebí òun ni orúkọ ìbàjẹ́ náà ń pè. Mo wá a títí. Kò sí ohun kankan tó fọwọ́ kan ọ́síjìn yẹn.

Náítrójìn keje ni wọ́n ń fọwọ́ kàn. Ní ẹnu àpò náà, ọ́síjìn kan wà lára glycine 42, tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù pọ̀ lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 8-oxoguanine ló wọlé, háídrójìn tó wà lórí náítrójìn keje á na ọwọ́, glycine 42 á gbà á, ìdè háídrójìn kan á dè láàárín wọn. Bí ó bá jẹ́ G gidi ńkọ́? Kò sí háídrójìn níbẹ̀. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tó dá dúró ló wà lórí náítrójìn náà, ti glycine 42 náà sì ń dúró dè é. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò fẹ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Wọ́n á ti ara wọn sẹ́yìn bí ojú mágínẹ́ẹ̀tì méjì tó jọra. Háídrójìn kan ṣoṣo ni: bó bá wà, wọ́n á fa ara wọn mọ́ra; bí kò bá sí, wọ́n á ti ara wọn dànù. Èsì ìbéèrè màmá rẹ nìyẹn.

Kí o má rò pé àbá lásán ni mo ń sọ, ní 2005 ẹgbẹ́ Verdine kan náà dán an wò. Wọ́n fi ìdè kẹ́míkà so OGG1 mọ́ ẹ̀gbẹ́ G tó dára, kí ó má bàa sáré kọjá, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀. G náà ti jáde kúrò nínú àkàbà DNA, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, ṣùgbọ́n ìloro ló dúró sí. Ìdá márùn-ún nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà ló kù kó dé inú àpò. Wọ́n gbà á lálejò títí dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò jẹ́ kó wọ yàrá. Nígbà tí wọ́n tún ipò àwọn átọ́ọ̀mù kan ṣe lẹ́yìn náà, tí wọ́n fipá mú G gidi wọnú àpò yẹn, OGG1 kò gé e síbẹ̀síbẹ̀. Ìdènà kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹnu ọ̀nà ń yẹ̀ ọ́ wò, inú ilé náà ń yẹ̀ ọ́ wò.

Èyí ló máa ń wú mi lórí jù. Ènsáìmù tó ní ọ̀bẹ lọ́wọ́, tó ń sá kiri lórí ìwé ìran wa, ewu ńlá ni bí ó bá lè gé ohun tí kò bàjẹ́. Nínú bílíọ̀nù méjì G, àṣìṣe kékeré á di ọgbẹ́ púpọ̀. Agbára rẹ̀ kò sí nínú bó ṣe ń di èyí tó bàjẹ́ mú nìkan. Ó wà nínú bó ṣe ń tètè jọ̀wọ́ èyí tó dára.

Ó tún kù ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìwé kíláàsì máa ń fò. OGG1 kì í yẹ 8-oxoguanine nìkan wò. Ó ń béèrè ta ni ẹni tó dúró síwájú rẹ̀. Arginine 154 àti 204, pẹ̀lú asparagine 149 tí mo ti dárúkọ, wọ́n ń na ọwọ́ sí lẹ́tà tó ṣẹ́ kù ní òdìkejì. Bí C ni, wọ́n dì í mú dáadáa, iṣẹ́ á lọ. Bí A ni, OGG1 fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan. Rò ó dáadáa, ìwọ náà á rí ìdí rẹ̀. Bí C bá ṣì wà níwájú rẹ̀, ẹ̀rí ohun tí a kọ tẹ́lẹ̀ wà lọ́wọ́: yọ èyí tó bàjẹ́, ka C, fi G tuntun sí i. Ṣùgbọ́n bí A ti wà níbẹ̀, ìdàkọ ti ṣẹlẹ̀, àṣìṣe ti wọlé. Ẹni tó bá yọ 8-oxoguanine kúrò níwájú A, á ka A, á fi T síbẹ̀, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu òǹtẹ̀ lu àṣìṣe náà.

Iṣẹ́ ti ẹlòmíràn nìyẹn, ènsáìmù tí wọ́n ń pè ní MUTYH. A ni ó ń yọ, A tó dára, tí ọ́síjìn kò fọwọ́ kàn rárá, torí ibi tí kò yẹ ló jókòó sí. Bó ṣe ń mọ ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti OGG1. Mo sọ pé 8-oxoguanine máa ń yí po nígbà tó bá kọjú sí A. Yíyí tó yí yẹn mú kí ẹgbẹ́ náítrójìn àti háídrójìn kan tó wà lórí kábọ́ọ̀nù kejì rẹ̀ yọrí síta sínú kòtò fífẹ̀ DNA, níbi tí lẹ́tà tó jókòó dáadáa kì í gbé e sí. MUTYH ń yọ̀ kọjá, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó yẹn, ó dúró. Lẹ́yìn náà ló wá yí A jáde, tó sì gé e. Ẹlòmíràn á fi C sí i, OGG1 á sì lè wá ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀ pàápàá, ènsáìmù kẹta, MTH1, ti ń lọ káàkiri láti pa àwọn G tó bàjẹ́ run nígbà tí wọn ò tíì wọnú DNA.

Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí àìsí ọwọ́ yìí máa ń dá sílẹ̀, ìdílé kan wà ní Bìrìtìkó. Àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta níbẹ̀ ní kókó púpọ̀ nínú ìfun ńlá, tó di jẹjẹrẹ lára ẹni kan. Àwọn oníwàádìí ní Cardiff kọ́kọ́ wá àléébù nínú jíìnì APC, èyí tí gbogbo ènìyàn á kọ́kọ́ fura sí, wọn ò rí i nínú ohun tí wọ́n jogún. Wọ́n wá wo àṣìṣe tó wà nínú àwọn kókó náà fúnra wọn. Lẹ́tà G ló ń di T, lọ́pọ̀ ìgbà. Ìwọ tó ti ka ìwé mi dé ibí, o ti mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n lọ bi léèrè. MUTYH ni. Ẹ̀dà méjèèjì, èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ bàbá àti èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá, ló ní àléébù. Ní 2002 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, dókítà sì lè fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mọ̀ ọ́n lónìí, kí wọ́n sì máa yẹ ìfun irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò kí kókó tó di nǹkan mìíràn.

Bakitéríà náà ní tiwọn. MutM ni orúkọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ OGG1 fún wọn. Ìrísí rẹ̀ kò bá ti OGG1 tan rárá, kò sí ẹni tó máa wò wọ́n tí á sọ pé ìdílé kan ni. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, ọ́síjìn kan láti inú okùn prótéìnì náà ló ń di háídrójìn orí náítrójìn keje mú. Ọ̀nà méjì tí kò mọ ara wọn, ibì kan náà ni wọ́n fọwọ́ kàn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìdánimọ̀, wàá ti mọ̀ ọ́n láti kíláàsì, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Lysine 249 ló ń já lẹ́tà náà kúrò lára ṣúgà. OGG1 máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ tó dá sílẹ̀, ènsáìmù mìíràn, APE1, ló máa wá sún un kúrò, tó sì gé okùn náà. DNA polymerase beta fi G tuntun sí i, XRCC1 àti ligase III sì lẹ̀ ẹ́ pa. Ọ̀nà yìí ni Tomas Lindahl bẹ̀rẹ̀ sí ṣí sílẹ̀ ní 1974 pẹ̀lú ènsáìmù mìíràn tó ń yọ uracil, òun, Paul Modrich àti Aziz Sancar sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì ní 2015.

Mo mọ̀ pé màmá rẹ lè béèrè bóyá àwọn oògùn inú ike tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò, tí wọ́n ní ó ń lé ìpẹtà kúrò nínú ara, lè ran OGG1 lọ́wọ́. Sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n fi owó náà ra ẹ̀fọ́ àti èso. Ní Finland, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá ní beta-carotene, wọ́n retí pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró á dín kù. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, ó ti pọ̀ sí i lára àwọn tó lò ó. Mo máa ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́, torí ó ń dùn mí bí mo bá rí àwọn àgbàlagbà tó ń ná owó oúnjẹ lórí ike.

Fún ìwọ alára, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kí o ṣe kí o tó padà sí kíláàsì. Mú ìwé, ya G, ya 8-oxoguanine sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o kọ nọ́ńbà sára gbogbo átọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà, lọ sí Protein Data Bank lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, fóònù rẹ lè ṣí i. Tẹ 1EBM sí i: àwòrán ọdún 2000 yẹn gan-an ni, OGG1 pẹ̀lú 8-oxoguanine nínú àpò rẹ̀. Wá glycine 42, kí o wọn bó ṣe jìnnà sí náítrójìn keje. Yí i sọ́tùn-ún, yí i sósì, kí o sì gbé e fún màmá rẹ kí àwọn náà wò ó.